Tìróò Oyinkán àti Ìtọ̀ Aláboyún

Oyinkán fẹ́ràn ojú ara rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ báyìí pé Ọlọ́run fún òun ní ẹyinjú tó rẹwà, kì í ṣe kí òun kàn máa fi ríran lásán.

Ilé àyẹ̀wò kan ní ìlú Largo, lókè òkun, ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń tọ́jú ìtọ̀ àwọn aláìsàn kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń wá òjé, irin olóró tó lè ba ọmọ inú jẹ́. Òjé tí kò tó ohun tí ojú lè rí, ẹ̀rọ náà á rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ásíìdì fọ ike ìtọ̀, tí wọ́n sì ń wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Ṣùgbọ́n bí Oyinkán bá ti rántí tìróò tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, á bọ́ ìbọ̀wọ́, á fi fóònù ṣe dígí, á fi ìka tún tìróò ojú rẹ̀ ṣe, á sì padà sídìí ìtọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Ọ̀gá rẹ̀, Àǹtí Morọ́láyọ̀, kìlọ̀ fún un. "Oyinkán, ẹ̀rọ ò níí fẹ́ ọ o!"

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé kí n wá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni?"

Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìtọ̀ Bímpé, nọ́ọ̀sì kan tó lóyún láti àdúgbò Hillcrest Heights, dé. Èsì ní òjé ti kún ara rẹ̀. Bímpé sáré wá tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń sunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo jẹ? Ṣé mo ti pa ọmọ mi ni?"

Oyinkán gbé ojú sókè bí ọ̀mọ̀wé. "Ó lè jẹ́ omi ilé yín, mà."

Àǹtí Morọ́láyọ̀ gba ìtọ̀ tuntun, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Kò sí òjé níbẹ̀ rárá. Ó wá yẹ gbogbo iṣẹ́ Oyinkán wò: òjé wà nínú gbogbo rẹ̀, títí kan omi lásán tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò.

"Àbí omi náà ń lé tìróò ni?" ó bi Oyinkán.

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Oyinkán wo orí ìka rẹ̀: tìróò, tí òjé wà nínú rẹ̀, ti sọ ọ́ di dúdú kirikiri. Ó kúnlẹ̀ bẹ Bímpé.

Wọ́n gba iṣẹ́ ìtọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa fọ ike. Wọ́n yẹ ìtọ̀ tirẹ̀ náà wò, wọ́n rí òjé níbẹ̀, dókítà sì ní kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kíákíá. Ó rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Nínú gbogbo òjé tí mo pín fáwọn èèyàn, tèmi nìkan ló jóòótọ́."

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ẹ̀mí ẹlòmíràn wà níkàáwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi oge ṣíwájú iṣẹ́. Bí wọ́n bá sì kìlọ̀ fún wa, ẹ jẹ́ ká tètè gbọ́, nítorí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.