Ìbòjú Tí Má-jiyàn Fi Ojú Ara Rẹ̀ Yàn

Ọkùnrin kan yan ìbòjú tí a fi ń mí fún àbúrò rẹ̀ láì bi í léèrè bó ṣe rí lójú rẹ̀. Nígbà tí àbúrò náà fẹ́ bọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n fi ìkúùkù lù ú lẹ́nu títí eyín rẹ̀ kan fi yọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkùnrin yìí. Má-jiyàn ni àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é, nítorí kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó bá kéré sí i, agbára ló sì fi ń ṣe ohun gbogbo. Abẹ́ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ayùn oníná. Àìsàn kan ń bá àbúrò yìí jà: bó bá ti sùn, ọ̀fun rẹ̀ á pa dé, èémí rẹ̀ á dá, á ta gìrì bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Nítorí pé kì í rí oorun gidi sùn, orí ìdúró ló ti máa ń tòògbé lọ́sàn-án. Dókítà ní kó máa lo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síni lọ́fun, kó sì yan ìbòjú tó bo imú àti ẹnu, èyí tí wọ́n á so mọ́ ẹ̀rọ náà.

"Má fi ṣeré o," dókítà ní. "Bí èémí bá ń dá báyìí, ó lè lọ má padà."

Àwọn méjèèjì jọ lọ yan ìbòjú. Nọ́ọ̀sì kó oríṣiríṣi kalẹ̀, ó sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ dùbúlẹ̀, sà," ó sọ fún àbúrò. "Ojú èèyàn kì í rí bákan náà lórí ìdúró àti lórí ìrọ̀rí. Ẹ jẹ́ ká tan ẹ̀rọ, ká wo èyí tí kò ní jò, tí kò sì ní ta yín."

Má-jiyàn pòṣé. "Ṣé oorun la wá sùn níbí ni? Iṣẹ́ ń dúró dè wá." Ó mú èyí tó wù ú, ó gbé e bo ojú ara rẹ̀, ó mí sínú, ó mí síta. "Ó dáa. Ìyá kan ló bí wa. Ká máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tiyín fẹ̀ ju..."

"Ṣé mo bi ọ́?"

Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Ojú Má-jiyàn fẹ̀ bí àtẹ; ti àbúrò rẹ̀ gùn, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n wọ ìbòjú náà wò nílé, ó sọ̀ kọjá àgbọ̀n, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ jáde sí i lẹ́yinjú. Ó yẹ kí wọ́n dá a padà kí wọ́n gba òmíràn. Ṣùgbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà ni Má-jiyàn. Bí ẹnu pákó méjì kò bá pàdé, irin ló fi ń dè wọ́n mọ́ra, á máa fún un títí gọ́ọ̀mù yóò fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ojú ọmọ ìyá rẹ̀. Ó gbé orúnkún lé e láyà, ó fa okùn ìbòjú náà le títí awọ orí imú rẹ̀ fi bó, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọnú ìbòjú. Bó ti ń fún un tó ni ìbòjú náà ń wọ́ tó, tó sì túbọ̀ ń jò. Àbúrò na ọwọ́ láti bọ́ ọ. Ìgbà náà ni ìkúùkù bà á lẹ́nu.

Ìyàwó àbúrò sáré wọlé. "Bọ̀dá! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Mo fẹ́ kó yè ni!"

"Pákó lẹ pè é ni? Ẹ kúkú lọ mú ìṣó wá!"

Má-jiyàn tì í lu ògiri. "Ẹni tó bá bọ́ nǹkan yìí lójú ẹ̀, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni."

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Láti ọjọ́ náà, Má-jiyàn fúnra rẹ̀ ló ń wá de ìbòjú náà ní ìrọ̀lẹ́. Bí àbúrò bá ráhùn, ìgbátí ni. Ojú rẹ̀ wú, egbò orí imú rẹ̀ ń ṣọyún, oorun tó ń wá sì sá fún un pátápátá. Ó ń ti pákó sẹ́nu ayùn bí ẹni tó ń rìn nínú àlá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ rí i tí orí rẹ̀ ń mì lókè ayùn tó ń yí. Ọ̀kan nínú wọn sáré láti pa iná.

"Fi í sílẹ̀!" Má-jiyàn bú ramúramù. "Mo mọ oògùn ẹ̀."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí i, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó kó gbogbo agbára rẹ̀ sínú ìgbátí kan. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni oorun gbé àbúrò lọ. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú sẹ́yìn. Àtẹ́lẹwọ́ Má-jiyàn kò bá orí kankan níbẹ̀. Ara rẹ̀ tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀, ayùn sì gé e ní ọrùn-ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta dé ara òrùlé. Ọwọ́ náà bọ́ sínú lẹ́búlẹ́bú pákó, àwọn ìka rẹ̀ ń jà.

Ọwọ́ òsì la fi ń na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀tún ni Má-jiyàn fi ń nani, ọ̀tún náà ló bá ayùn lọ.

Igbe rẹ̀ ló jí àbúrò. Ó bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó fi di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pinpin, wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn láàyè. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tí ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pè ń bọ̀ wá béèrè ọ̀rọ̀, Má-jiyàn fa àbúrò mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì.

"Sọ fún wọn pé mo fẹ́ gbà ọ́ lẹ́nu ayùn ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́ mọ́ yín, mi ò sì ní purọ́ gbè yín."

Ó ya ẹnu rẹ̀, ó fi àlàfo eyín han àwọn ọlọ́pàá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ gbọ́ o. Pé a ju ènìyàn lọ lọ́jọ́ orí kò sọ ojú rẹ̀ di tiwa. Ẹni tí nǹkan ń dùn ló ní ẹnu láti sọ ibi tó ti ń dùn ún. Bí ohun ìwòsàn bá ń pa aláìsàn lára, ohun náà ni ká pààrọ̀, kì í ṣe aláìsàn ni ká nà. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní ìfẹ́ ló mú òun luni. Ẹni tó sọ agbára di oògùn, òun náà ni yóò gbé e mu.

Ní ti àbúrò, kò padà sí ìdí ayùn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì, ó sì dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tan ẹ̀rọ, ó gbé ìbòjú kan bò ó lójú. Ó mí díẹ̀, ó gbọnrí.

"Èyí ń ta mí," ó ní. "Ẹ fún mi ní òmíràn."