Èékánná Funfun Màmúdù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé òpin, nítorí òpin rẹ̀ ni ẹyẹ bà lé.

1. Lọ́dún 1988, ará Ọ̀yọ́ kan tó ń jẹ́ Màmúdù yá yàrá ní Ibafo. Ó ń tún ara ọkọ̀ tó bá ti fọ́ ṣe, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń dún ju òòlù rẹ̀ lọ. Fàrídà, ọmọ Bàbá Láwàlì ti Mowe, ló fẹ́ fẹ́. Fàrídà náà fẹ́ràn rẹ̀, torí ó máa ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ọdẹ àtijọ́ ni Bàbá Láwàlì. Ó ti gbé ìbọn kọ́. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tí òyìnbó kan tó bá wọn la títì márosẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló kù lọ́rùn rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti mú, ó máa ń kó àwọn èèyàn lọ wo ẹyẹ ní àwọn adágún àti igbó tó wà lẹ́yìn Mowe. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Lọ́dún yẹn, ó ránṣẹ́ pe Màmúdù. Ó ní tí àwọn bá dé, òun yóò fún un lésì lórí ọ̀rọ̀ Fàrídà.

2. Fàrídà kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. “Bùọ̀dá Màmúdù, ẹ ṣáà dákẹ́. Láti àárọ̀ dé ìyálẹ̀ta péré.”

Màmúdù rẹ́rìn-ín, ó ní ẹyẹ wo ló wà nínú igbó tí òun ò mọ̀.

3. Àwọn mẹ́jọ ló gbéra láàárọ̀ Sátidé, Fàrídà náà wà lára wọn. Màmúdù gbìyànjú, ká má purọ́. Wọ́n rí ẹ̀gà, wọ́n rí agbe, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ní adágún kẹta, wọ́n bá àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó tí ọyẹ́ ń gbé wá láti òkèèrè. Ọdún mẹ́ta ni Bàbá Láwàlì ti ń retí wọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bọ́ awò lọ́rùn, ó fi lé Màmúdù lọ́wọ́. Fàrídà rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgbà náà ni lékeléke ń kọjá lókè. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń ṣe lọ́mọdé tí lékeléke bá ń kọjá. Màmúdù gbàgbé ara rẹ̀. Ó ju awò sílẹ̀, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè, ó ń jù wọ́n, ó ń fi gbogbo ohùn bẹ lékeléke pé kó bun òun léékánná funfun.

Gbogbo ẹyẹ adágún gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Fàrídà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, omi ojú ṣì ń bọ́.

Màmúdù dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Bàbá Láwàlì kò pariwo. Ó mú awò rẹ̀ nílẹ̀, ó nù ún.

“Ọmọdé ló ń tọrọ èékánná lọ́wọ́ lékeléke,” ó ní. “Èmi kì í fọmọ mi fún ọmọdé.”

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àmì funfun kékeré kan yọ lórí èékánná àtàǹpàkò Màmúdù. Lékeléke gbọ́ tirẹ̀. Ìyàwó ni kò rí.

4. Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, Fàrídà ti wà nílé Mùsáfírù, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ yẹn. Bàbá Láwàlì ní kò fọhùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé ọkùnrin tó mọ ẹnu í ṣọ́ nìyẹn.

Èmi ni Mùsáfírù. Ọyẹ́ ti gba ohùn mi láti ọjọ́ méjì ṣáájú Sátidé yẹn. Ká ní mo lè fọhùn ni, èmi náà ì bá bẹ lékeléke. Ẹ pín ìtàn yìí káàkiri, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àna mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ ẹnu yín, pàápàá tí ohun tí ẹ ń wá bá ku díẹ̀ kó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ; ẹnu òrofó ní í pa òrofó.