Akàn tó Fi Ìròyìn Omi Pamọ́

Àlọ́ mi rìn títí, ó kan etí òkun, ó bá Akàn lẹ́nu ihò rẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n omi ni Akàn tiwa yìí ń fi tirẹ̀ ṣọ́. Omi kì í kún, kì í fà, kó má mọ̀. Ẹyẹ Òkun tó ń fò láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ mọ̀ nípa atẹ́gùn. Àbùùbùtán, ẹran ńlá inú òkun, mọ̀ nípa ibú. Àwọn méjèèjì wá bá a pé kí wọ́n jọ máa pa ohun tí wọ́n bá rí pọ̀, kí ìgbì má baà ká ẹnikẹ́ni mọ́ lójijì.

Akàn ní, "Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín ná."

Ni kálukú bá panu mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi fà ju bó ṣe ń fà lọ. Akàn rí i, kò wí. Ó lọ ń ṣa oúnjẹ lórí iyanrìn. Gbàrà tí ìgbì yí dé, ó gbé e dé ojú agbami. Akàn wá ń kọrin:

Mo rí i, n ò wí o —
*Omi ń bọ̀.*
Ẹ bá mi sọ fáyé o —
*Omi ń bọ̀.*

Àbùùbùtán gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e sẹ́yìn padà sétí òkun. Ó ní, "Akàn ọ̀rẹ́ mi, láti àná ni mo ti mọ̀ pé ibú ń ru. Ìwọ ni mo ń dúró dè kó o kọ́kọ́ sọ tìẹ."

Láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti fà, Akàn á yọ sẹ́nu ihò, á máa ju ọwọ́ ńlá rẹ̀ sókè. Ẹ má rò pé ẹ̀yin ló ń kí. Ìròyìn omi ló ń sọ, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni mọ́.