Orúkọ Tí Ajá Morádéun Ń Jẹ́

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń pe ẹran ọ̀sìn ní ilé ìwòsàn ẹran tó wà ní Ṣakí. Obìnrin tó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú á mú ẹran rẹ̀ wá, ọkọ á yọjú láti ilé rẹ̀ nínú dígí ara ògiri tó ń gbé àwòrán àti ohùn, àwọn méjèèjì á sì pè é. Ẹni tí ẹran bá dá lóhùn ló ni ín. Láàárọ̀ yìí, odídẹrẹ́ kan ti fi ohùn ọkọ bú ọkọ, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan Morádéun. Ọdún méjì ló fi jìyà, torí Bádéjọ ọkọ rẹ̀ búra pé ọjọ́ tó bá lọ lòun máa pa ajá rẹ̀.

"Bíńgò!" Bádéjọ pariwo nínú dígí. "Wá ńbí!"

Ajá ki ìrù bọ itan, ó sá sábẹ́ àga.

"Ó kàn ọ́, ọmọ mi," ni Ìyá Fátúrótì, alábòójútó ìpè, wí.

Morádéun nàró. "Ẹ̀rùòbàmí!"

Ajá fò jáde, ó ń lá a lọ́wọ́.

"Orúkọ wo nìyẹn?" Bádéjọ bèèrè.

"Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ gbá mi létí ni mo sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ lójú èèyàn, ká fi sọ ajá lórúkọ."

"Èmi náà á fi pè é!"

"Ẹ pè é, sà," Ìyá Fátúrótì dáhùn.

Ajá kọjú sí dígí, ó yọ eyín, ó ń kùn. Bádéjọ la ẹnu.

"Ẹ̀rù..." Ó fà sẹ́yìn. "Ẹ̀rù..."

"A ti gbọ́, sà," ni Ìyá Fátúrótì wí, ó sì pa dígí.