Àlejò Tó Dé sí Òtẹ́ẹ̀lì Wa

Savalou, 1994. Láti ìgbà tí owó séfà ti já wálẹ̀, àlejò ò wọ òtẹ́ẹ̀lì wa mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni ò bá sùn síbí lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀gá máa lé èmi àti Wassila tó ń dáná.

Ọkọ̀ kan dúró. Bàbá kan sọ̀kalẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún un.

Wassila fẹ́ bi í ní ohun tó bá wá. Mo ṣẹ́jú mọ́ ọn.

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn? Jẹ́ kí bàbá jẹun ná."

Ó pa adìẹ kan ṣoṣo tó kù, ó gún iyán. Bàbá jẹ ẹ́ tán.

"Yàrá wo lẹ fẹ́, bàbá?"

"Gbogbo wọn."

Wassila ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá ké sí dírẹ́bà rẹ̀: "Lọ mú ọkọ̀ akẹ́rù wá. Ọ̀gá wọn ti ta gbogbo bẹ́ẹ̀dì fún mi."