Fèrèsé Tó Ń Fẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Lọ́dún 1988, kọ̀ǹpútà kan dé bíró àgbègbè ní Dassa. Ó fúyẹ́. Lambert nìkan ló rù ú láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni, ṣùgbọ́n ó ti rí kọ̀ǹpútà rí ní Parakou, nítorí náà wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ẹ̀rọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Grégoire, olórí àgbègbè, wá wò ó. Lambert tẹ bọ́tìnì. Ní igun ojú ẹ̀rọ, fèrèsé kékeré kan là, ó mọ́lẹ̀, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Iye iṣu tí wọ́n kórè ló wà nínú rẹ̀.

Grégoire ní, «Àyípadà tegbò-tigaga la ń ṣe, èyí wá ń yọjú bí olè?»

«Kámáràdì Ṣẹ́ẹ̀fù, bó ṣe ń là nìyẹn.»

«Kó kún ojú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó sì fẹ̀ fúnra ẹ̀! Ọjọ́bọ̀ ni aṣojú ń bọ̀ láti Kútọnu. Bí kò bá fẹ̀, o padà sídìí ebè ní Akofodjoulè nìyẹn.»

Antoinette akọ̀wé ń fi fáìlì fẹ́ra. «Ọ̀gá ẹ̀rọ, tó o bá délé, fi iṣu ránṣẹ́ sí wa o.»

Ọjọ́ mẹ́ta ni Lambert fi ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó yá àlùmágàjí Antoinette, ó tún tọrọ òróró.

«Ẹ̀rọ ń jẹ òróró?»

«Díẹ̀díẹ̀.»

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n pa gbogbo fèrèsé bíró dé nítorí eruku. Òórùn òróró gba yàrá. Grégoire ní òórùn ẹ̀rọ tuntun ni. Lambert jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ pẹ̀lú okùn tín-ínrín kan lọ́wọ́.

Grégoire tẹ bọ́tìnì. Fèrèsé là, ó fẹ̀ láti etí dé etí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe pé ìjà àyípadà ń tẹ̀síwájú. Lẹ́tà inú rẹ̀ jọ ọwọ́ ìkọ̀wé Lambert gan-an. Grégoire ṣàlàyé pé ẹ̀rọ máa ń fìwà jọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

«Fúnra ẹ̀ ló fẹ̀?» Kámáràdì Isidore, aṣojú náà, ló bi Grégoire.

«Fúnra ẹ̀ ni!»

Isidore rìn yí ẹ̀rọ ká. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó títí. Lambert ti ń ka ebè lọ́kàn. Aṣojú kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé rẹ̀: «Ó dára púpọ̀.»

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí etí Lambert, ó rọra bi í pé: «Tiwa ní Kútọnu, àbẹ́là la ń tàn sínú ẹ̀, ṣé àtùpà yín yìí kì í jó bébà?»