Ẹ Má Ṣe Wàhálà Kankan

Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ilé Àrìnkẹ́, tí gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Èjìgbò, l'Ékòó, ń pè ní Ìyá Motọ́lání. Gọ́tà ńlá ni ìjọba fẹ́ là gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ rẹ̀ tó kọ́ ilé náà ti kú, kò sì ní ibòmíràn tí yóò lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Àwọn olùwádìí láti yunifásítì ń wá ilé kan tí wọn yóò ti máa yẹ ilẹ̀, omi àti ewéko wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba ti gbà pé ilé tí wọ́n bá mú, ẹnikẹ́ni kò ní wó o.

Lẹ́yìn òjò ńlá kan ni Dókítà Morọ́lá, ọ̀kan lára wọn, wá. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́n omi jáde nínú yàrá. Ó ká sòkòtò dé orúnkún kó tó dé ẹnu géètì. Nínú àgbàlá Ìyá Motọ́lání, ẹrẹ̀ ló bá. Ó rìn yí igi àgbálùmọ̀ ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀, ó fọ́ ọ lọ́wọ́. Bàtà funfun rẹ̀ ti di pupa. Ojú ti Ìyá Motọ́lání gidigidi.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Ẹ wo bí ibí ṣe rí."

"Háà, mọ́mì, ilé yín wù wá gan-an. Ọ̀gá wa kàn máa fojú ara wọn rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí wọ́n tó sáìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wàhálà kankan o. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà."

"Kí lẹ tiẹ̀ rí tó wù yín?"

"A kì í sọ ọ́ ṣáájú, mà. Tá a bá ti sọ ọ́, àwọn èèyàn á fẹ́ tún un ṣe fún wa."

Àlejò tó bá ní ká má ṣe wàhálà, ẹ̀kọ́ ilé ló ń fi sọ̀rọ̀. Onílé tó bá gbà á gbọ́ ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá Motọ́lání pe Mùnírù, bírìkìlà tó háyà yàrá ẹ̀yìn.

"Ṣó o rí bàtà ọmọ olọ́mọ?"

"Mo rí i, Màmá. Ìtìjú gbáà ni."

"Ọ̀gá wọn ò ní tẹ ẹrẹ̀ nílé ọkọ mi."

Ó gbé òfì ìgbéyàwó rẹ̀ lọ tà ní ọjà Aswani, ó fi ra sìmẹ́ńtì. Mùnírù àti àwọn ayálégbé yòókù fi rẹ́ gbogbo ilẹ̀ àgbàlá láti géètì títí dé ògiri ẹ̀yìn. Wọ́n gé igi àgbálùmọ̀, nítorí pé ewé rẹ̀ ń dọ̀tí ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àgbàlá náà ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Dókítà Morọ́lá àti ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, wọn kò wọlé. Inú Ìyá Motọ́lání dùn púpọ̀.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Ẹ má bọ́ bàtà."

Ọ̀gá wo Morọ́lá. Morọ́lá wo ilẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "nínú gbogbo Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ilé yín nìkan la rí tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń mu omi òjò."